Olùgbàlà wọn ló padà di wàhálà wọn: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún Paul inú ìwé Dune, ẹ kà á délẹ̀ ná

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní ń dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ègùn, ọ̀rọ̀ ìwé ni, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni méjèèjì ń lọ. Ẹni tó bá ka ìwé dé ìdajì, tó pa á dé, tó wá ń fẹnu ròyìn ẹ̀ káàkiri àdúgbò, irọ́ ló ń pa láìmọ̀.

Láti ọdún 2021 tí Denis Villeneuve, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ti gbé fíìmù Dune jáde, tó sì tún gbé apá kejì ẹ̀ jáde lọ́dún 2024, ẹnu àwọn ọ̀dọ́ ò gbófo mọ́. Paul báyìí, Paul bẹ́ẹ̀. Paul Atreides, ọmọ tí wọ́n pa bàbá ẹ̀, tó sá wọ inú aṣálẹ̀ tòun tìyá ẹ̀, tó sì padà wá gba ìtẹ́ lọ́wọ́ ọba àwọn ọba. Wọ́n ní akọni ni. Wọ́n ní olùgbàlà ni. Bí wọ́n bá ti dé ibi tó ti gun ekòló abàmì nínú yanrìn, tí yanrìn ń fò, tí ìlù ń dún, àtẹ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ohun tí mo kàn ń béèrè ni pé, ta ló ka ìwé tí wọ́n ti yọ fíìmù yìí délẹ̀ nínú àwa tá à ń pàtẹ́wọ́?

Nítorí pé ìwé kan ṣoṣo kọ́. Mẹ́fà ni. Frank Herbert, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ gbogbo ẹ̀. Dune jáde lọ́dún 1965, Dune Messiah tẹ̀lé e lọ́dún 1969, Children of Dune dé lọ́dún 1976, God Emperor of Dune lọ́dún 1981, Heretics of Dune lọ́dún 1984, Chapterhouse: Dune sì kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1985. Ẹni tó bá dúró lórí ìkíní, á gbà pé ìtàn akọni lòun kà. Ẹni tó bá ṣí ìkejì, á káwọ́ lórí. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: bàbá yìí kò kọ ìtàn olùgbàlà. Ìkìlọ̀ ló kọ, lórí ohun tí ojú àwọn tó bá gbé gbogbo ayé wọn lé olùgbàlà lọ́wọ́ máa ń rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó kọ ìwé náà. Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, ọdún 1920 ni wọ́n bí i nílùú Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ń ṣe kiri, irú iṣẹ́ táwa náà ń ṣe yìí. Lọ́dún 1957, ó gba ìlú Florence lọ, ní ìpínlẹ̀ Oregon, létí òkun, níbi tí yanrìn ti ń rìn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní yanrìn ń rìn. Atẹ́gùn á gbé e, á dà á bo títì, á dà á bo ilé onílé. Ìjọba wá ń gbin koríko sórí ẹ̀ kó lè jókòó jẹ́ẹ́. Herbert fẹ́ kọ ọ́ bí ìròyìn, ìròyìn náà kò jáde, ṣùgbọ́n yanrìn yẹn kò kúrò lọ́kàn ẹ̀. N ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí aṣálẹ̀, lórí àwọn tó ń gbébẹ̀, lórí àwọn ẹ̀sìn tó tibẹ̀ jáde. Kó tó rò ó, kó tó kọ ọ́, ọdún bíi mẹ́fà ti lọ sí i.

Ẹ ó bi mí pé kí ni wọ́n ń jẹ nínú ilé ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìyàwó ni o! Beverly ni orúkọ obìnrin náà, òun náà mọ̀wé kọ, ìpolówó ọjà ló ń bá àwọn ilé ìtajà ńláńlá kọ, owó tó ń gbà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé owó obìnrin kì í gbé ilé ró, ẹ gbọ́ ná: bí kò bá sí owó Beverly, a ò bá má gbọ́ orúkọ Dune rárá.

Ìwé parí, ìyà bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní Analog, tí John W. Campbell jẹ́ olóòtú ẹ̀, gbà á, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ìparí ọdún 1963 títí di 1965. Ṣùgbọ́n tó bá di pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìwé gidi, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tó lé ní ogún ló lé e padà. Wọ́n ní ó ti gùn jù, wọ́n ní ó ta kókó. Àṣẹ̀yìnwá àṣẹ̀yìnbọ̀, Sterling Lanier, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Chilton, ló wá a rí. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n mọ Chilton mọ́? Ìwé tí àwọn mẹkáníìkì fi ń tún mọ́tò ṣe! Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì ni ìwé Dune ti rẹ́ni gbà á sílé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó gba ẹ̀bùn Nebula, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún ìwé ìtàn gígùn nírú ẹ̀bùn yẹn, ó sì tún gba Hugo lọ́dún 1966, òun àti ìwé Roger Zelazny ni wọ́n jọ pín in. Òkúta tí àwọn mọlémọlé kọ̀ ló wá di pàtàkì igun ilé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ìtàn. Ó jìnnà gan-an síwájú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sígbà tá a wà yìí. Ẹ̀dá èèyàn ti tàn ká orí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì lókè lọ́hùn-ún. Ọba àwọn ọba kan wà, Shaddam Kẹrin, àwọn ìdílé ńláńlá sì ń jọba lábẹ́ ẹ̀. Nínú gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, ọ̀kan wà tó gbẹ bí ẹ̀kan ahọ́n arungbẹ, kò sí odò, òjò kì í rọ̀. Arrakis lorúkọ ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Dune. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní spice ti ń jáde. Èròjà yìí ń fa ẹ̀mí gùn, ó ń la èèyàn lójú inú, bí kò bá sì sí i, ọkọ̀ ojú òfuurufú kankan ò lè rìn láàárín ìràwọ̀. Ẹ ṣáà ṣe bí epo rọ̀bì. Ẹni tó bá di ibẹ̀ mú, ó di gbogbo ayé lọ́rùn mú nìyẹn.

Duke Leto, bàbá Paul, ọmọlúàbí ni, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tó sì bí ọba nínú nìyẹn. N ni ọba bá fi Arrakis ta á lọ́rẹ, ẹ̀bùn tó ní ẹ̀gún nínú. Kí wọ́n tó jókòó dáadáa, àwọn Harkonnen, ọ̀tá wọn látayébáyé, ti ya bò wọ́n lóru, àwọn ọmọ ogun ọba sì wọ aṣọ Harkonnen tẹ̀lé wọn. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn? Dókítà inú ilé! Yueh lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ti jí ìyàwó ẹ̀ gbé, wọ́n ní àfi kó dalẹ̀ kó tó rí i. Ó dalẹ̀, kò sì rí i, wọ́n ti pa obìnrin náà, wọ́n sì pa òun náà mọ́ ọn. Duke Leto kú. Paul, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti Jessica ìyá ẹ̀ sá wọ aṣálẹ̀.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn Fremen pàdé, àwọn onílẹ̀. Ẹ ò rí irú èèyàn báyìí rí. Omi ni wúrà wọn. Aṣọ kan wà tí wọ́n ń wọ̀, tó ń gba òógùn, tó ń gba ìtọ̀, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń dá a padà fún wọn láti mu. Bí ẹnì kan bá kú, wọ́n á fa omi ara ẹ̀ jáde, nítorí omi yẹn, ti gbogbo agbo ilé ni. Bí Fremen bá tutọ́ síwájú yín, ẹ má bínú o, ó bọlá fún yín ni, omi ara ẹ̀ ló fi ta yín lọ́rẹ. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Jamis, pe Paul níjà, Paul pa á. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ ara ẹ̀ pa nìyẹn. Níbi ìsìnkú, omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Háà! Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní ẹ wá wò ó, ó ń fún òkú lómi!

Nísinsìnyí, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn rèé, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí ló dé tí àwọn Fremen fi gba àjèjì méjì yìí mọ́ra? Wọ́n ní àsọtẹ́lẹ̀ kan wà pé olùgbàlà kan ń bọ̀ láti ayé mìíràn, ìyá ẹ̀ máa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Bene Gesserit, yóò mọ ìṣe wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, yóò sì sọ aṣálẹ̀ di ọgbà. Herbert kó ọ̀rọ̀ Lárúbáwá síbẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ ó rí Mahdi, ẹ ó rí jihad, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú ò ní nílò ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún yín. Ó dáa, ta ló sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà? Ọlọ́run ni? Rárá o. Àwọn Bene Gesserit fúnra wọn ni!

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni wọ́n, ọgbọ́n wọn jìn ju kànga lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rán àwọn èèyàn wọn lọ sí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà, pé kí wọ́n lọ gbin ìtàn àti àsọtẹ́lẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sínú wàhálà níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, yóò kàn ṣà á jẹ. Jessica mọ̀ bẹ́ẹ̀. Paul mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ àtijọ́ ni, wọ́n sì lò ó, nítorí wọn ò fẹ́ kú. Ta ni kò ní lò ó? Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á gbọ́ kò mọ̀ pé ẹnì kan ló gbìn ín síbẹ̀. Ìrètí wọn ni. Òun ni wọ́n fi ń sùn, òun ni wọ́n fi ń jí.

Ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn burúkú kọ́ ni Paul. Ọmọ tó lójú àánú ni. Ojú inú ẹ̀ sì là, ó ń rí ọjọ́ iwájú, ó rí ogun ẹ̀sìn kan tó máa jáde láti aṣálẹ̀ yẹn, tí wọ́n á máa pa èèyàn lórúkọ ẹ̀ láti ìràwọ̀ kan dé òmíràn. Ẹ̀rù bà á. Ó ní òun ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ gbẹ̀san bàbá ẹ̀, ó tún fẹ́ gba ìtẹ́, ẹ̀san tó fẹ́ gbà yẹn gan-an sì ni ọ̀nà tí ogun náà máa gbà kọjá. Ọjọ́ kan wà tó wo ojú Stilgar, ọ̀rẹ́ ẹ̀, olórí tó gbà wọ́n sílé, ó rí i pé ọ̀rẹ́ òun ti lọ, olùjọ́sìn ló kù síbẹ̀. Ọkàn ẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé kìíní lọ́wọ́, ẹ tún wá ibi tí Kynes ti ń kú lọ nínú aṣálẹ̀, tó ń gbọ́ ohùn bàbá ẹ̀ tó ti dolóògbé. Ohun tí bàbá náà ń kìlọ̀ fún un lé lórí kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ìyàn. Akọni ló ń kìlọ̀ nípa ẹ̀! Ó wà nínú ìwé kìíní níbẹ̀ gbangba. A kàn fò ó ni, a ti ń sáré lọ sọ́dọ̀ ekòló.

Ó dáa. Paul ṣẹ́gun, ọba gbé ìtẹ́ sílẹ̀, Paul fẹ́ Irulan ọmọ ọba. Ìwé kìíní parí, àtẹ́wọ́ ń dún. Ẹ ṣí ìkejì.

Ọdún méjìlá ti kọjá. Paul fẹnu ara ẹ̀ ka iye tí ogun ẹ̀sìn náà ti pa fún Stilgar. Ó sọ fún un nípa àwọn apààyàn àtijọ́ orí ilẹ̀ ayé, Genghis Khan àti Hitler, tí ọ̀kan pa mílíọ̀nù mẹ́rin, tí èkejì pa ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Stilgar ní ìyẹn ò jọ òun lójú. Paul ní òótọ́ ni, nítorí tòun, bílíọ̀nù 61 ni, ìyẹn bóun bá fẹ́ ṣírò ẹ̀ wẹ́rẹ́. Pílánẹ́ẹ̀tì 90 ló di ahoro, àwọn 500 mìíràn kò gbádùn mọ́, àwọn ẹlẹ́sìn 40 ló sì run pátápátá. Olùgbàlà tá à ń pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn o!

Àwọn Fremen tó jagun fún un ńkọ́? Ọ̀kan wà nínú ìwé náà tí mi ò lè gbàgbé, Farok lorúkọ ẹ̀. Bàbá àgbà ni. Wọ́n bi í pé kí ló gbé e lọ sógun, kò sọ pé Ọlọ́run ló rán òun. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé omi kan wà láyé ibòmíràn tó pọ̀ débi pé èèyàn ò lè rí òpin ẹ̀, wọ́n ń pè é ní òkun, òun sì fẹ́ fojú ara òun rí i. Ọmọ aṣálẹ̀ tó fẹ́ rí òkun. Ìdí tó fi lọ pààyàn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí òkun náà, ó wẹ̀ nínú ẹ̀, ogun sì kúrò lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa délé, ojú ọmọ ẹ̀ méjèèjì ti fọ́ lójú ogun kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ inú ilé, mi ò gbàgbé yín. Irulan tí Paul fẹ́, orúkọ lásán ni. Chani, ọmọ Fremen tó ti ń bá a bọ̀ látinú aṣálẹ̀, lòun ń bá sùn. Irulan ò rí ọkọ, ò sì rí ọmọ. N lòun àti àwọn kan bá ń dìtẹ̀, n ló bá ń fi oògùn sínú oúnjẹ Chani lábẹ́lẹ̀, ọdún gorí ọdún, kí ó má baà lóyún. Nígbà tí Chani gbọ́, ó ní òun máa pa á. Paul ló dá a dúró. Ẹ sì mọ̀dí tó fi dá a dúró? Ó ti mọ̀ tipẹ́! Ó mọ̀, kò sì sọ̀rọ̀, nítorí ojú inú ẹ̀ ti fi hàn án pé ọjọ́ tí Chani bá bímọ ni yóò kú. Oògùn orogún ló ń fa ẹ̀mí ìyàwó ẹ̀ gùn. Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó ń jọba lórí gbogbo ìràwọ̀, kò lè gba ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ràn là. Chani bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ó sì kú lóòótọ́. Paul fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ ti fọ́ sínú ọ̀tẹ̀ náà. Àṣà Fremen sì ni pé afọ́jú gbọ́dọ̀ fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún aṣálẹ̀. Ó dìde, ó dá nìkan rìn wọnú yanrìn lọ.

Nígbà tí Herbert gbé ìwé yìí fún Campbell, olóòtú tó gba ti àkọ́kọ́, Campbell ní òun ò fẹ́. Ìtàn akọni tó ń ṣẹ́gun lòun fẹ́, kì í ṣe ti akọni tó ṣubú. Ìwé ìròyìn mìíràn, Galaxy, ló gbé e jáde lọ́dún 1969. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kà á nígbà náà ni inú wọn ò dùn. Ṣùgbọ́n Herbert kò fi bò. Ó sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé torí pé kóun lè kìlọ̀ lòun ṣe kọ gbogbo ẹ̀, pé olórí tó bá ń fa ọkàn èèyàn mọ́ra ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù jù, pé ó yẹ kí wọ́n máa lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ wọn níwájú orí bíi ti ohun tó lè ṣèpalára fún ara. Kódà, ó ní nínú àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà tòun, Kennedy léwu ju Nixon lọ, nítorí gbogbo ayé ló fẹ́ràn Kennedy, wọn ò bi í ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n Nixon kọ́ wọn láti máa fura síjọba. Ẹ lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Ìwé kẹta, àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Alia, àbúrò Paul obìnrin, ló ń di ìjọba mú, ẹ̀mí bàbá àgbà wọn, Harkonnen ọ̀tá yẹn, sì ti wọ̀ ọ́ lára. Afọ́jú kan jáde láti aṣálẹ̀, ó ń wàásù níwájú tẹ́ńpìlì, ó ń bú ẹ̀sìn tí wọ́n fi orúkọ Paul dá sílẹ̀. Ta ni afọ́jú náà? Paul ni! Ó padà wá láti wó ohun tó kọ́. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi san án: àwọn àlùfáà ẹ̀sìn rẹ̀ gan-an ló gún un pa. Wọ́n pa ọlọ́run wọn torí pé ó ń sọ̀rọ̀ òdì sí ọlọ́run wọn. Bí ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jóná, tó ku ibẹ̀ yẹn nìkan, ó tó ẹ̀kọ́.

Ìwé kẹrin ló le jù, àwọn kan sì ń sá fún un. Ọdún 3,500 ti kọjá. Leto, ọmọ Paul, ṣì wà láyé, ó ti di ekòló tó tún jẹ́ èèyàn, òun ló ń jọba. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ni gbogbo ayé lára ni, kí wọ́n lè kórìíra olórí kan ṣoṣo débi pé wọn ò tún ní gbé ara wọn fún irú ẹ̀ mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ìjà kéré, ẹ ní sùúrù fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Fremen. Àsọtẹ́lẹ̀ ṣẹ o, aṣálẹ̀ ti di ewéko, odò ń ṣàn. Omi tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ti dé. Àwọn jagunjagun ọjọ́sí ńkọ́? Wọ́n ti di ẹni ìwòran, Fremen inú mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ń wọ aṣọ àwọn baba ńlá wọn, wọ́n ń ṣe àṣà tí kò yé wọn mọ́. Ohun tí olùgbàlà ṣèlérí ni wọ́n rí gbà. Àwọn fúnra wọn ni wọn ò rí mọ́.

Ìwé karùn-ún àti ìkẹfà, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹgbẹ̀rún ọdún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (1,500) tún ti kọjá, àwọn Bene Gesserit ló gba ojú ìtàn, àwọn obìnrin mìíràn tó burú ju ìka lọ sì ń lé wọn kiri. Inú ìbànújẹ́ ni Herbert ti parí ìkẹfà, nítorí Beverly kú lọ́dún 1984, ẹ ka ohun tó kọ nípa ìyàwó ẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, ojú yín á rọ omi. Òun náà kú ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 1986, kò rí ìkeje kọ. Brian ọmọ ẹ̀ àti Kevin J. Anderson ló kọ méjì lọ́dún 2006 àti 2007 láti fi parí ìtàn náà. Ẹni tó bá wù lè kà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ò lè jọ ọwọ́ bàbá tán.

Báwo wá lẹ ṣe máa kà á? Bí wọ́n ṣe tò ó nígbà tó jáde ni kẹ́ ẹ ṣe kà á, ẹ má fò. Ìkíní máa kọ́kọ́ tojú sú yín, orúkọ àjèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àlàyé ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìwé, ẹ fi ìka há a. Ẹni tí kò bá lágbára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó ka mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá lágbára mẹ́ta, kó ka méjì. Ẹni tó bá ka ẹyọ kan péré, kó má tíì ròyìn. Villeneuve tó ṣe fíìmù náà mọ ohun tó ń ṣe, nítorí nínú ìwé kìíní, Chani dúró ti Paul títí dé òpin, ṣùgbọ́n nínú fíìmù ọdún 2024, ìbínú ni Chani fi jáde, tó kọ̀yìn sí wọn nígbà tí gbogbo èèyàn ń wólẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò wólẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò.

Àwọn kan á ní, ṣé ẹ fẹ́ ká máa kórìíra olórí rere ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Paul, olórí rere ni lóòótọ́, ohun tó sì yẹ kó bà wá lẹ́rù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìkà ni, wọn ì bá ti fura. Torí pé ó dára, wọn ò béèrè ibi tí àsọtẹ́lẹ̀ ti wá, wọn ò béèrè iye òkú, wọn ò béèrè ibi tí ọ̀nà ń lọ. Nígbà tó sì fẹ́ dá wọn dúró, apá ẹ̀ ò ká wọn mọ́. Ẹni tó bá fi ojú ẹ̀ fún olùgbàlà pé kó máa bá òun ríran, ọjọ́ tí ojú olùgbàlà bá fọ́ ńkọ́?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o, ojú ara ẹ̀ sì ni, kì í ṣe ti alákàn mìíràn. Ẹ lọ kàwé yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.